Bẹ́ẹ̀dì wo ló yẹ ọmọ-ọwọ́? Ìfiwéra fún òbí tó fẹ́ rà á

Tí èèyàn bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ojú ló kọ́kọ́ ń raja. Ọ̀dà tó ń dán, ìrọ̀rí kékeré, aṣọ onítìmùtìmù tí wọ́n fi yí ẹ̀gbẹ́ ká, fóòmù tí ọwọ́ ń rì sínú rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ń sọ fún òbí pé ibí ni ara ti máa tu ọmọ. Àmọ́ ohun tó ń tu àgbàlagbà lára yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń tu ìkókó lára, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ẹ wo bí ìkókó ṣe rí. Orí rẹ̀ tóbi, ó wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì lágbára débi tó fi máa gbé orí ọ̀hún kúrò níbi tó bá há sí. Tó bá dojú bo ohun tó rọ̀, imú àti ẹnu rẹ̀ á wọ inú rẹ̀, èémí tó ń mí síta á kóra jọ síwájú imú, òun náà láá sì tún máa fà sínú. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó dáa á máa tán. Àgbàlagbà tírú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí á ta jí, á yí orí padà. Ìkókó lè má jí. Bákan náà ni tí ibi orí bá ga ju ibi ẹsẹ̀ lọ: orí á tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n á kan àyà, ọ̀nà ọ̀fun tó tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ á wá fún pọ̀. Kò ní pariwo, kò ní jà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má mọ̀ rárá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ọmọdé fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, lórí ohun tó tẹ́jú tó sì le, tí nǹkan mìíràn kò sì sí níbẹ̀ àfi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fún dáadáa. Ọdún 1991 ni ìpolongo fẹ̀yìn-lélẹ̀-sùn yìí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1994 ni ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀, iye ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun fi ju ìdajì lọ dín kù ní ilẹ̀ méjèèjì. Oògùn kọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ ni wọ́n yí padà.

Nínú gbogbo ìfiwéra tí mo ṣe nísàlẹ̀ yìí, ìbéèrè mẹ́rin ni mo fi ń wọn bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó tẹ́jú? Ṣé ó le? Ṣé ó ṣófo? Ṣé kò sí ibi tí orí tàbí ara ọmọ ti lè há? Bẹ́ẹ̀dì tó bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ara á tu ọmọ lórí rẹ̀. Ọmọ tí kò sun orí ohun rírọ̀ rí kò mọ̀ pé òun pàdánù nǹkan kan.

| Irú bẹ́ẹ̀dì | Ìgbà tó bá ọmọ mu | Ibi tó dáa sí | Ibi tó yẹ ká ṣọ́ra |
|---|---|---|---|
| Apẹ̀rẹ̀ ọmọ | Láti ọjọ́ ìbí títí tí yóò fi fẹ́ máa yíra padà | Ó fúyẹ́, ó ṣeé gbé láti yàrá sí yàrá | Kì í pẹ́ kéré jù. Ó lè dojú dé |
| Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ìyá | Bíi ti apẹ̀rẹ̀ | Ìyá ò ní máa dìde lóru | Àlàfo láàárín òun àti bẹ́ẹ̀dì ńlá |
| Bẹ́ẹ̀dì onígi | Láti ọjọ́ ìbí dé nǹkan bí ọdún méjì | Ó dúró gbọin-gbọin | Ọ̀pá tó jìnnà síra, fóòmù tí kò bá a mu |
| Abọ́mọdàgbà | Láti ọjọ́ ìbí dé nǹkan bí ọdún mẹ́rin | Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa náwó | Ó gba àyè. Ohun tí wọ́n ń tú níbẹ̀ pọ̀ |
| Bẹ́ẹ̀dì alágbèéká | Ìrìn àjò, àlejò | Ó ń ká, ó ń wọ àpò | Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bá tì dáadáa, ó lè ká mọ́ ọmọ |

Mo sọ iye ọdún nínú àtẹ yẹn kí ojú lè tètè rí i ni. Ohun tó ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni ohun tí ọmọ ń ṣe. Ọmọ kan á ti máa yíra padà ní oṣù mẹ́ta, òmíràn ò ní ṣe é títí oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ń ka oṣù lórí ìka nìkan lè fi ọmọ tó ti ń fọwọ́ gbéra nílẹ̀ sílẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ tó ti kéré jù fún un.

Apẹ̀rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ìyá

AAP, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí ọmọ máa sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú òbí fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ó kéré tán, ṣùgbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni àwọn bẹ́ẹ̀dì kékeré méjèèjì wọ̀nyí wà fún.

Ìyá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ kò lè máa tẹ̀ ba wọnú bẹ́ẹ̀dì jíjìn lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ìyá ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan máa ń wálẹ̀, fóòmù rẹ̀ á bá ti bẹ́ẹ̀dì ńlá dọ́gba, ìyá á kàn na ọwọ́ fa ọmọ mọ́ra, fún un lọ́mú, kó sì tún dá a padà. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn. Ewu rẹ̀ náà sì wà lójú kan ṣoṣo: ibi tí bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ti pàdé. Tí bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì ńlá bá dẹ̀, àlàfo á yọ, ọmọ lè yọ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó tán, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín méjèèjì. Ẹ wá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín, kí ẹ fi orúnkún taari rẹ̀ bí ẹni tó ń yí padà lójú oorun. Tó bá yà, kò tíì dè. Ẹ má sì ki aṣọ tàbí ìrọ̀rí bọ àlàfo yẹn. Ohun rírọ̀ tí à ń sá fún náà lẹ tún gbé wá yẹn. Ní Yúróòpù, ìlànà EN 1130 ló wà fún irú bẹ́ẹ̀dì yìí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà yẹn lára rẹ̀, ó tọ́ka sí pé wọ́n ní ìlànà kan lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Apẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ rọrùn, ó sì ṣeé gbé káàkiri. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yẹ kó wà, tàbí lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ẹ má gbé e lé tábìlì, ẹ má gbé e lé àga, ẹ má sì gbé e lé bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà, torí ọmọ máa ń ta ẹsẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á sì máa sún díẹ̀díẹ̀ lọ sétí. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: àwọn kan máa ń kó aṣọ onítìmùtìmù sí gbogbo ara rẹ̀ nínú. Tí kò bá ṣeé yọ, ẹ wá òmíràn. Fóòmù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú dé igun, kò sì gbọ́dọ̀ jìn ní àárín bí àwo.

Ẹni tó bá rò pé ohun kékeré tí kò lẹ́wà ò lè tó ọmọ, kó gbọ́ ti Finland. Láti ọdún 1938 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ìyá tí kò rówó ní páálí kan tí ẹrù ọmọ kún inú rẹ̀. Láti 1949 ló ti di ti gbogbo ìyá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ló sùn nínú páálí yẹn gan-an ní oṣù àkọ́kọ́ wọn, lórí fóòmù pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ́jú, ó le, ó ṣófo.

Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lagbára yín ká, ẹ fo àwọn méjèèjì yìí. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n máa lò, bẹ́ẹ̀dì onígi sì gba ọmọ láti ọjọ́ tó bá ti dé ilé, tó bá ṣáà ti wọ yàrá yín.

Onígi tàbí abọ́mọdàgbà?

Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń dúró pẹ́. Onígi ni bẹ́ẹ̀dì tó ní ọ̀pá lóòró yíká, tí ọmọ ń lò títí yóò fi lè máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ kúkúrú. Abọ́mọdàgbà jọ ọ́, àmọ́ ó gùn, ó fẹ̀, wọ́n sì lè yọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò kó di bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ti ń rìn. Ní Yúróòpù, 120 × 60 sẹ̀ǹtímítà ni fóòmù onígi sábà máa ń jẹ́, ti abọ́mọdàgbà jẹ́ 140 × 70. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀, ó tó nǹkan bí 132 × 71.

Ẹ má fojú kékeré wo àwọn nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá ra férémù níbì kan, tó ra fóòmù níbòmíràn, tó sì fi fóòmù 120 sínú férémù 140, ti fi àlàfo 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ọmọ á wọ ibẹ̀. Ìlànà Yúróòpù kò fẹ́ kí àlàfo láàárín fóòmù àti ẹ̀gbẹ́ ju 3 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìka méjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: tí ìka méjì tó so pọ̀ bá wọ àárín fóòmù àti igi, fóòmù náà kéré jù. Igun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí fóòmù tí igun rẹ̀ rí róbótó máa ń fi ihò sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ fún.

Ọ̀pá ló kàn. Kí nìdí tí wọ́n fi ń wọn àárín ọ̀pá méjì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ọmọ-ọwọ́ kéré ju orí rẹ̀ lọ. Tí àlàfo bá fẹ̀, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ yọ, ìbàdí á tẹ̀ lé e, ara tó kù á yọ títí dé ọrùn, orí á wá há. Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí àlàfo yìí ju 6 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìlànà EN 716 ti Yúróòpù fi í sáàárín 4.5 sí 6.5. Ìdí tí ti Yúróòpù fi ní ìwọ̀n ìsàlẹ̀ náà ni pé àlàfo tó bá fún jù lè mú ẹsẹ̀ tàbí apá ọmọ dání. Tí ẹ ò bá mú rúlà dání, ẹ mú agolo ohun mímu onílítà ìdá mẹ́ta (330 ml). Ìbú agolo tó sanra nínú wọn jẹ́ nǹkan bí 6.6 sẹ̀ǹtímítà. Tí agolo yẹn bá gba àárín ọ̀pá kọjá, ẹ má rà á, bó ti wù kí iye rẹ̀ wálẹ̀ tó.

Gíga ẹ̀gbẹ́ ni òbí kì í sábà rántí. Bẹ́ẹ̀dì tó dáa máa ń ní ipele méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n lè gbé pákó ìsàlẹ̀ lé. Ìkókó á wà lókè kí ẹ̀yìn má bàa dun ẹni tó ń gbé e. Tó bá ti fẹ́ máa jókòó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Kó tó lè gbá ọ̀pá mú dìde dúró, kó ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìlànà Yúróòpù fẹ́ kó ṣẹ́ ku 50 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán, láti orí fóòmù dé etí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, àti 20 nígbà tó bá wà lókè. Ẹ ṣàkíyèsí pé orí fóòmù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá lọ ra fóòmù tó nípọn torí pé ó fẹ́ kí ara tu ọmọ, gíga ẹ̀gbẹ́ ló ń jẹ, ọjọ́ tí ọmọ máa gun etí bẹ́ẹ̀dì jáde ló sì ń fà súnmọ́ tòsí.

Ní ti ẹ̀gbẹ́ tó ń yọ̀ wálẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fà sísàlẹ̀ kí òbí lè gbé ọmọ láìtẹ̀ ba, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni rà á. Ike tàbí irin kékeré tó dì í mú máa ń já, ẹ̀gbẹ́ á yẹ̀ lápá kan, ọmọ á sì há sáàárín rẹ̀ àti fóòmù. Ó kéré tán ọmọ 32 ni CPSC, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, so ikú wọn mọ́ irú bẹ́ẹ̀dì yìí láti ọdún 2000. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2011 ni kò ti bófin mu mọ́ láti ṣe é tàbí tà á níbẹ̀. Òbí tí kò ga lè wá bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan.

Ẹ tún fọwọ́ pa igun òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orí òpó tó yọ gọngọ sókè lè fa kọ́là aṣọ ọmọ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó sì fún un lọ́rùn. Ohun tí Amẹ́ríkà gbà láàyè kò ju mílímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ọnà tí wọ́n gbẹ́ tó ní ihò lójú orí bẹ́ẹ̀dì náà kò dáa, orí tàbí apá lè gba ibẹ̀.

Èwo ni ká wá mú nínú méjèèjì? Ọ̀pọ̀ á sọ pé abọ́mọdàgbà, torí owó ẹ̀ẹ̀kan ni. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé àyè wà, tí kò sì sí ọmọ mìíràn lọ́nà. Àmọ́ tí ẹ bá ń retí pé àbúrò á dé láàárín ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n á ṣì wà lórí abọ́mọdàgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti yọ kúrò, ẹ ó sì tún lọ ra òmíràn fún àbúrò. Onígi kékeré ni ì bá ti dáa jù: ẹ̀gbọ́n á kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kúkúrú, àbúrò á jogún rẹ̀. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá àwọn irin àti pákó tí wọ́n fi ń yí i padà wà nínú páálí rẹ̀. Ẹlòmíràn ń tà wọ́n lọ́tọ̀, ìgbà tí ẹ bá sì fi máa nílò wọn, wọ́n lè ti dẹ́kun ṣíṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ kí káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì fún òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfòyà, tó bá gbé àwọn ìwọ̀n yìí lé káfíńtà náà lọ́wọ́ lórí ìwé, tí òun fúnra rẹ̀ sì wọn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á.

Bẹ́ẹ̀dì alágbèéká

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dáa fún ìrìn àjò, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ojoojúmọ́ tí ìwé tó bá a wá bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀, ẹ gbọ́ kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún "kàá" kí ẹ tó tẹ àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ etí kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ̀gbẹ́ tí kò bá tì dáadáa lè ká sínú mọ́ ọmọ lọ́rùn. Fóòmù rẹ̀ máa ń tinrín, ó sì máa ń ṣe òbí bíi kó fi òmíràn lé e. Ẹ má ṣe é. Nẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rọ̀ síta, ọmọ á sì yọ̀ wọ àárín fóòmù àfikún àti nẹ́ẹ̀tì náà.

Ibi tó yẹ kí owó wọlé sí: fóòmù

Tí owó kò bá pọ̀, ẹ gba férémù tí kò ní ọ̀ṣọ́, kí ẹ sì fi ohun tó ṣẹ́ kù ra fóòmù tó dáa. Igi kì í fara kan ọmọ lóru, fóòmù ni ara rẹ̀ wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Fóòmù lásán fúyẹ́, ìyá lè dá nìkan gbé e sókè láti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn ló sì sábà máa ń tètè jìn ní àárín. Onísípíríǹgì wúwo, ó pẹ́, ó máa ń padà sípò rẹ̀ kíákíá. Ẹ kàn rí i dájú pé ohun tí wọ́n fi bo sípíríǹgì náà nípọn tó. Èyí tí wọ́n fi okùn èèpo àgbọn ṣe le gan-an, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀, àmọ́ tí ìtọ̀ bá wọ inú rẹ̀, ó máa ń ṣòro gbẹ. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó bá mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó bá ṣáà ti yege nínú ìdánwò ọwọ́.

Ìdánwò náà rèé. Ẹ tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ sí àárín fóòmù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì yọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àpẹẹrẹ ọwọ́ yín bá ṣì wà níbẹ̀, tó ń wú padà díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Fóòmù tó ń gba àwòrán ara, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà fẹ́ràn nítorí ẹ̀yìn dídùn, kì í ṣe ti ọmọ-ọwọ́. Ẹ tún tẹ etí àti igun rẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀. Ọmọ-ọwọ́ nílò fóòmù tí àgbàlagbà á pè ní líle jù.

Àwọn tó ń ta fóòmù kan máa ń sọ pé ọmọ lè dojú bò ó kó sì máa mí gba inú rẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn tẹ́ ọmọ ní ìdojúbolẹ̀. AAP kò rí ẹ̀rí pé irú fóòmù bẹ́ẹ̀ ń dín ikú òjijì kù.

Ìbòrí tí omi kì í wọ̀, tó ní síìpù, tó sì fún mọ́ fóòmù gírígírí ni kí ẹ rà. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù tó wé fóòmù láti ibi tí wọ́n ti ṣe é sílẹ̀ lára rẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, onírọ́bà létí ni, kó fún débi pé tí ẹ bá fi ìka méjì fà á láàárín, kò ní dìde.

Tuntun tàbí àlòkù?

Kò sí ìtìjú nínú bẹ́ẹ̀dì àlòkù. Igi tó dáa lè gba ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìyẹ̀. Ohun tí mo máa ń bẹ òbí ni pé kó má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbi í ní ìbéèrè, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. CPSC kò fẹ́ kí wọ́n lo bẹ́ẹ̀dì tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ wo abẹ́ pákó ìsàlẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti ní kí wọ́n dá a padà rí. Tí kò bá sí orúkọ, tí kò sí nọ́ńbà, tí ẹni tó ń tà á kò sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rìn kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tò ó síwájú yín. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tú palẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ bí ìdì igi kò ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ di orí méjèèjì mú, kí ẹ mì í síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì fetí sí i. Igi tó ń ké kọ́ ló yẹ kó dẹ́rù bà yín jù, bí kò ṣe èyí tó ń yẹ̀ láìdún. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan: tí ọ̀kan bá yí lójú ihò rẹ̀, lẹ́ẹ̀ rẹ̀ ti já. Ẹ ka nọ́ọ̀tì rẹ̀. Tí ẹ bá rí ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ojú ihò nọ́ọ̀tì, tàbí wáyà, tàbí téèpù, nǹkan ti sọnù níbẹ̀, ẹnì kan sì ti dá ọgbọ́n sí i. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló sábà máa ń já lóru.

Ọ̀dà rẹ̀ ńkọ́? Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà tó ní òjé nínú lára ilé àti ohun èlò ọmọdé, ilẹ̀ gbogbo kọ́ ló sì tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ń hu eyín, etí bẹ́ẹ̀dì ló máa kọ́kọ́ gé jẹ. Ẹ lè rí àmì eyín ọmọ tó ti lò ó ṣáájú lára igi òkè. Òjé tó bá ti ibẹ̀ wọ ara ọmọ máa ń ba ọpọlọ jẹ́, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó, kíkùn ún ní ọ̀dà tuntun kò yanjú rẹ̀, torí eyín á dé ìsàlẹ̀.

Tí wọ́n bá ta á fún yín pẹ̀lú fóòmù, ẹ gba férémù kí ẹ fi fóòmù sílẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Scotland, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2002, rí i pé ikú òjijì wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọ tó ń sùn lórí fóòmù tí ọmọ mìíràn ti lò, pàápàá èyí tó wá láti ilé ẹlòmíràn. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé fóòmù ló pa ọmọ. Síbẹ̀, fóòmù àlòkù ti jìn níbi tí ọmọ ìṣáájú ń sùn sí, ohun tó sì ti mu wọlé ò ṣeé fọ̀ jáde.

Ohun tí kò yẹ kó bá bẹ́ẹ̀dì wọlé

Bọ́ńpà aṣọ, ìyẹn aṣọ onítìmùtìmù tí wọ́n máa ń so mọ́ ọ̀pá yíká kí ọmọ má bàa forí gbá igi, kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá forí gbá igi á sunkún, á sì dákẹ́. Ọmọ tó bá fi imú há sínú tìmùtìmù kò ní lè sunkún. Òfin tí ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2022 fi òpin sí títa bọ́ńpà yìí níbẹ̀, àti bẹ́ẹ̀dì onídàgẹ̀rẹ̀ tí orí rẹ̀ ga ju ìwọ̀n 10° lọ. Ní 2019, oríṣi bẹ́ẹ̀dì onídàgẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ní kí àwọn èèyàn dá padà, iye tí wọ́n ti tà nínú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje. Ọjà tó gba ojú gbogbo èèyàn ni. Pé nǹkan wọ́pọ̀ kò sọ ọ́ di ohun tó dáa.

Ìrọ̀rí, bèbí onírun, ibùsùn kékeré rírọ̀ tí wọ́n ń gbé sáàárín bẹ́ẹ̀dì, ohun tí wọ́n fi ń ká ọmọ mọ́ kó má yíra: gbogbo wọn, ẹ yọ wọ́n, ó kéré tán títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Tí otútù bá ń mú, aṣọ ìsùn tó dà bí àpò, tó ní ihò ọrùn àti ti apá, sàn ju búláńkẹ́ẹ̀tì lọ torí kò lè bo ojú. Àjọ Lullaby Trust ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi 16 sí 20°C ṣe ìwọ̀n yàrá tó bá ọmọ lára mu. Níbi tí ẹ̀fọn bá wà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe pàtàkì. Kó fẹ̀, kó jìnnà sí ọmọ, kí etí rẹ̀ sì wà lábẹ́ fóòmù gbọin-gbọin kí ọwọ́ ọmọ má lè fà á wọlé.

Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí fèrèsé, okùn kọ́tìnnì àti wáyà iná. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n lásán: ẹ dúró síbi bẹ́ẹ̀dì náà, kí ẹ na ọwọ́ yín tán, kí okùn kankan má sì wà níbi tí ọwọ́ yín dé, torí ọmọ tó bá dìde dúró á na ọwọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ohun ìṣeré tí wọ́n máa ń fi kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì, ẹ tú u kúrò tí ọmọ bá ti lè fi ọwọ́ àti orúnkún gbéra.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fún gbogbo nọ́ọ̀tì le. Ọjọ́ tí etí bẹ́ẹ̀dì bá ti dé àyà ọmọ nígbà tó bá dúró, tàbí tí ọmọ fúnra rẹ̀ ga tó 89 sẹ̀ǹtímítà, tàbí tí ẹ bá bá a tó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá etí, bẹ́ẹ̀dì tó ní ọ̀pá lóòró ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ abọ́mọdàgbà, ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá jẹ́ onígi lásán, ẹ tẹ́ fóòmù rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un títí ẹ ó fi rí bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ kúkúrú.